Kòkòrò inú irun ìpéǹpéjú: bí ó ṣe ń mú ojú yún àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Kì í ṣe gbogbo ojú tó bá pọ́n tó sì ń yún ni àpólò mú. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ojú ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kòkòrò tín-ín-tìn-tín kan, tí ojú lásán kò lè rí, a máa gbé ní ìdí irun ìpéǹpéjú ènìyàn. Demodex ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tó bá pọ̀ jù, a máa mú kí etí ìpéǹpéjú wú, kí ó pọ́n, kí ó sì máa yún fún ọ̀pọ̀ oṣù tàbí ọdún. Blepharitis ni àwọn dókítà ń pe irú wíwú bẹ́ẹ̀.

Àìsàn náà ṣe é tọ́jú, kì í sì í sábà fọ́ ojú. Ṣùgbọ́n oògùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà fúnra wọn láti fi wò ó kì í pa kòkòrò náà, òmíràn nínú wọn sì lè ṣe ojú ní jàǹbá tí kò ní àtúnṣe mọ́. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹni tí ìpéǹpéjú ń yọ lẹ́nu mọ ohun tó ń bá jà kí ó tó kán ohunkóhun sójú.

Ní òpópónà Airport Road ní ìlú Bìní, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ẹdó, ọ̀nà tó lọ láti agbègbè Ring Road títí dé pápákọ̀ òfurufú, ilé oògùn kò ṣọ̀wọ́n, bí ó ti rí ní àwọn òpópónà ńlá Ìbàdàn, Èkó àti Ìlọrin. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ohun tó rọrùn jù fún ẹni tí ojú ń yún ni kí ó yà sí ilé oògùn, kí ó ra ìgò kan, kí ó kán an sójú, kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìlú Bìní kan náà ni Yunifásítì Benin wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1970, tó sì wà lára àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga tó kọ́kọ́ kọ́ àwọn ayẹjúwò tí à ń pè ní optometrist ní Nàìjíríà. Ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì náà wà ní Ugbowo. Àyẹ̀wò tó lè sọ ohun tó ń ṣe ojú kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń ra oògùn. Kí aláìsàn mọ̀ pé ó yẹ kí òun lọ ṣe é ló kù.

Kí ni Demodex?

Demodex jẹ́ ìbátan eégbọn ara ajá. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní, ara rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí aràn, ó sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí gígùn rẹ̀ kì í kọjá nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá mìlímítà kan. Ẹ̀rọ máíkírósíkóòpù, èyí tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ni a fi ń rí i.

Ọdún 1841 ni onímọ̀ ìṣègùn ọmọ ilẹ̀ Jámánì, Jakob Henle, kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ní ọdún 1842, Gustav Simon, tí òun náà jẹ́ dókítà ní Jámánì, ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní kíkún. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni Richard Owen ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un ní orúkọ náà. Láti inú èdè Gíríìkì ni ó ti mú un, ó sì túmọ̀ sí kòkòrò tó ń jẹ inú ọ̀rá.

Oríṣi méjì ló ń gbé ara ènìyàn. Èkíní, Demodex folliculorum, a máa gbé nínú ihò tí irun ìpéǹpéjú ti ń hù. Púpọ̀ nínú wọn lè jọ wà nínú ihò kan ṣoṣo, kí wọ́n dorí kodò sínú rẹ̀. Èkejì, Demodex brevis, kúrú jù ú lọ. Inú àwọn ihò tí òróró ojú ń gbà jáde ní etí ìpéǹpéjú ni ó ń fara pamọ́ sí, nítorí náà ó ṣòro láti rí.

Kòkòrò náà kórìíra ìmọ́lẹ̀. Ní ọ̀sán, a máa wà nínú ihò; bí ilẹ̀ bá ṣú, tí ènìyàn sì sùn, a máa jáde wá gùn. Lẹ́yìn náà ni abo á padà sínú ihò lọ yé ẹyin sí. Láti ìgbà tí ẹyin bá ti pa títí di ìgbà tí kòkòrò náà yóò kú kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lọ. Kò lè pẹ́ láyé bí ó bá kúrò lára ènìyàn.

Kì í ṣe ẹ̀gbin ló fà á

Níní Demodex lára kì í ṣe ohun ìtìjú. Ọmọ tuntun kì í bí i wáyé. Láti ara ìyá àti àwọn tó ń gbé ọmọ mọ́ra ni ó ti ń ràn. Bí ọjọ́ orí bá ṣe ń pọ̀ sí i ni kòkòrò náà ń pọ̀ sí i, débi pé láàárín àwọn tó ti lé ní 70 ọdún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí kò ní in. Ọ̀pọ̀ jù lọ kò mọ̀ pé ó wà lára àwọn, nítorí pé kò yọ wọ́n lẹ́nu.

Iye rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di àìsàn. Ó lè pọ̀ jù lára àwọn àgbàlagbà, àwọn tí agbára ara wọn láti bá àrùn jà ti dínkù, àti àwọn tí awọ ojú wọn máa ń pọ́n nítorí àrùn awọ kan tí à ń pè ní rosacea. Lára ẹni tó dúdú, ó lè má rọrùn láti rí pípọ́n awọ náà, nítorí náà, wọ́n lè má tètè fura sí i.

Báwo ni ó ṣe ń ba ìpéǹpéjú jẹ́?

Ọ̀nà mẹ́ta ni kòkòrò náà ń gbà ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, èékánná rẹ̀ a máa ha inú ihò irun, ẹnu rẹ̀ a sì máa gé awọ tó wà níbẹ̀ jẹ. Ara á dáhùn nípa mímú kí awọ ibẹ̀ nípọn, kí ó sì máa ṣí. Ìkejì ni pé ó ń dí àwọn ihò tí òróró ojú ń gbà jáde. Òróró yìí ló ń bo omijé kí ó má baà tètè gbẹ; bí kò bá jáde dáadáa, ojú á máa gbẹ, á sì máa ta bí ẹni pé iyanrìn wọ inú rẹ̀. Ìkẹta ni pé kòkòrò náà ń gbé bakitéríà kiri. Nígbà tó bá kú, tí òkú rẹ̀ sì ń jẹrà nínú ihò, ara á gbéjà ko gbogbo ohun àjèjì yìí, wíwú àti pípọ́n á sì tẹ̀ lé e.

Àwọn àmì àìsàn náà

Àmì tó ṣe pàtàkì jù lọ ni èépá kékeré tó mọ́lẹ̀ kedere tàbí tó funfun, tó yí ìdí irun ìpéǹpéjú ká bí ọrùn agbádá ṣe yí ọrùn ká. Awọ tó ti kú, ìdọ̀tí tó ti ara kòkòrò náà jáde àti ẹyin rẹ̀ ni ó para pọ̀ di èépá yìí. Ìwádìí tí àwọn dókítà ojú gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2005 fi hàn pé ìdí irun tí irú èépá bẹ́ẹ̀ bá wà ni Demodex ti máa ń pọ̀. Títí di òní, òun ni dókítà ń wò mọ àìsàn náà.

Àwọn àmì mìíràn nìwọ̀nyí: ìpéǹpéjú tó ń yún, pàápàá ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, ipin tó ń lẹ ojú mọ́ra bí ènìyàn bá jí, etí ìpéǹpéjú tó pọ́n tàbí tó nípọn, irun ìpéǹpéjú tó ń já, tàbí tó ń yà sínú ojú, eéwo ìpéǹpéjú tó ń lọ tó ń bọ̀, àti ojú tó ń ṣú fún ìgbà díẹ̀ tó sì ń mọ́lẹ̀ padà bí ènìyàn bá ṣẹ́jú. Bí wọn kò bá tọ́jú rẹ̀ títí tó fi le, irun tó yà sínú àti wíwú náà lè ṣe awọ dídán tó bo iwájú ẹyinjú léṣe.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti àpólò

Àpólò gba orúkọ rẹ̀ láti ara ọkọ̀ Apollo 11 tó gbé ènìyàn lọ sí òṣùpá ní ọdún 1969, nítorí ọdún náà ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Ghana. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. A máa dé lójijì: láàárín ọjọ́ kan sí méjì, funfun ojú á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, omi á máa dà, ará ilé á sì máa kó o lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ó ti sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀.

Ti Demodex kò rí bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń wọlé, kì í sì í lọ bọ̀rọ̀. Etí ìpéǹpéjú ni ó ti ń yún jù, kì í ṣe inú ẹyinjú. Nítorí náà, ẹni tó bá ti ń sọ pé àpólò ń mú òun ní ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ́dún, tí kò sì sí ará ilé rẹ̀ tó kó o, kí ó jẹ́ kí wọ́n yẹ ìdí irun ìpéǹpéjú rẹ̀ wò.

Àwọn àìsàn mìíràn náà wà tó jọ ọ́. Èròjà tí ara kò gbà, bí eruku ọyẹ́, lè mú kí ojú yún, pàápàá ojú ọmọdé. Bakitéríà nìkan náà lè mú kí etí ìpéǹpéjú wú. Ìtọ́jú wọn kò rí bákan náà, ìdí nìyí tí àyẹ̀wò fi gbọ́dọ̀ ṣáájú oògùn.

Ewu tó wà nínú oògùn ojú tí dókítà kò kọ

Púpọ̀ nínú oògùn ojú tí àwọn ènìyàn ń rà fúnra wọn ni ó ní èròjà steroid nínú, irú bíi dexamethasone tàbí betamethasone. Èròjà yìí a máa mú kí ojú tó pọ́n mọ́ kíákíá. Aláìsàn á gbà pé òun ti rí ìwòsàn, ṣùgbọ́n kòkòrò náà kò kú. Bí oògùn bá tán, yíyún á tún bẹ̀rẹ̀, aláìsàn á sì tún ra ìgò mìíràn.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Steroid tí a ń kán sójú fún ìgbà pípẹ́ láìsí ìṣọ́ dókítà lè mú kí agbára omi inú ẹyinjú ga sókè, kí ó sì fa àrùn glaucoma, èyí tó ń pa iṣan ìríran láìní ìrora. Ohun tí glaucoma bá ti gbà lọ kò ní padà. Ìwádìí tí wọ́n ṣe jákèjádò Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007 fi hàn pé ìdá 4.2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ti pé 40 ọdún sókè ni kò ríran, àti pé lẹ́yìn cataract, glaucoma ló gba ipò kejì nínú àwọn àrùn tó fà á. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí yíyún ìpéǹpéjú pàdánù ojú rẹ̀.

Bákan náà ni àwọn dókítà ń kìlọ̀ pé kí a má ṣe fi ìtọ̀, omi iyọ̀ líle, omi àlùbọ́sà, Dẹ́tọ́ọ̀lù, kẹrosíìnì tàbí àgbo sí ojú. Wọn kò lè dé inú ihò tí kòkòrò náà wà, ṣùgbọ́n wọ́n lè jó iwájú ẹyinjú tàbí kí wọ́n kó àrùn mìíràn bá a.

Báwo ni wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò?

Àyẹ̀wò náà kò ní ìrora. Aláìsàn á gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan tó ní iná àti awò tó ń mú ohun tóbi, èyí tí à ń pè ní slit lamp. Dókítà á ní kí ó wo ilẹ̀, kí ìdí irun ìpéǹpéjú òkè lè hàn gbangba. Bí èépá tó yí irun ká bá wà, a ó rí i. Nígbà mìíràn, wọ́n lè fa irun bíi mélòó kan tu láti wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù.

Dókítà ojú, tó kọ́ ìṣègùn tó sì lè ṣe iṣẹ́ abẹ, lè ṣe àyẹ̀wò yìí. Optometrist tó ní ìwé àṣẹ náà lè ṣe é. Ọdún 1989 ni òfin ìjọba àpapọ̀ dá ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn optometrist sílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ń ta awò ojú ló wà lára wọn.

Ìtọ́jú tí a lè ṣe nílé

Ìmọ́tótó ìpéǹpéjú ni ìpìlẹ̀ ìtọ́jú. Àwọn dókítà a máa gba aláìsàn nímọ̀ràn pé kí ó ṣe é báyìí:

Kí ó kọ́kọ́ fọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ. Kí ó rẹ aṣọ mímọ́ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, tí kò lè jó ni, kí ó fún un, kí ó sì gbé e lé ojú tó pa dé fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá. Èyí á mú kí òróró tó ti dì yọ́, kí èépá sì rọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó fi ìka tó mọ́ rọra tẹ ìpéǹpéjú: ti òkè sísàlẹ̀, ti ìsàlẹ̀ sókè, kí òróró lè jáde. Kí ó wá fi òwú tútù tàbí aṣọ rírọ̀ nu ìdí irun, kí ó má ṣe fi ipá ha á. Wọ́n lè lo ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ irun ọmọ ọwọ́, tí a pò mọ́ omi púpọ̀. Ọṣẹ yìí ń kó ìdọ̀tí kúrò, ṣùgbọ́n kì í pa kòkòrò náà.

Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni ó dára kí a ṣe é, kí aṣọ ojú kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Kí a máa fi omi gbígbóná fọ aṣọ ìrọ̀rí, kí a sì sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ dáadáa.

Àwọn oògùn tó ń pa kòkòrò náà

Òróró igi tea tree, igi kan ní ilẹ̀ Ọsirélíà, wà lára ohun tí wọ́n ti ń lò láti nǹkan bí 20 ọdún sẹ́yìn. Èròjà kan nínú rẹ̀, terpinen-4-ol, ni ó ń pa Demodex. Ìwádìí lórí bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ sí kò tíì fi gbogbo ẹnu kò. Ohun tó dájú ni pé òróró náà kò gbọ́dọ̀ wọ inú ojú, nítorí ó lè jó ẹyinjú. Èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún ìpéǹpéjú ni kí a lò.

Oògùn kejì ni ivermectin, tí ọ̀pọ̀ ará abúlé ní Nàìjíríà mọ̀ sí Mectizan. Ọdún 1987 ni ilé iṣẹ́ Merck kéde pé àwọn yóò máa fi ta àwọn orílẹ̀-èdè lọ́rẹ láti gbógun ti àrùn afọ́jú tí eṣinṣin etí odò ń tàn kálẹ̀, ní ọdún 2015 sì ni William Campbell àti Satoshi Omura gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀. Dókítà lè fi wo Demodex tó bá le, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe àìsàn yìí ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe oògùn náà. Kì í ṣe ohun tí a ń dédé gbé mì. Kò yẹ aláboyún. Ẹni tí aràn Loa loa bá sì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, aràn tó wà ní apá kan gúúsù Nàìjíríà, lè ṣe àìsàn tó le gidigidi bí ó bá lò ó.

Èyí tó dé kẹ́yìn ni lotilaner. Ẹbí oògùn tí wọ́n fi ń pa eégbọn ara ajá ni ó ti wá. Ó ń mú kí iṣan kòkòrò náà dẹ́kun iṣẹ́. Ní oṣù keje ọdún 2023, àjọ FDA, tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i ní orúkọ Xdemvy. Òun ni oògùn àkọ́kọ́ tí àjọ náà fọwọ́ sí ní pàtó fún àìsàn yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni wọ́n ń kán an sójú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìdánwò méjì tí àwọn tó lé ní 800 kópa nínú rẹ̀ ni wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú èkíní, èépá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá lójú nǹkan bí ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lò ó, ṣùgbọ́n ìdá 7 péré ni ti àwọn tó lo omi ojú tí kò ní oògùn nínú. Nínú èkejì, ìdá 55 ni, ìdá 12 sì ni ti àwọn tó kù. Èyí fi hàn pé ó ṣiṣẹ́, kì í sì í ṣe idán.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí ní ìdí. Ẹyin tó wà nínú ihò kì í tètè bá kòkòrò tó ti dàgbà kú. Ẹni tó bá dá ìtọ́jú dúró lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan nítorí pé yíyún ti dínkù kàn fún àwọn ọmọ rẹ̀ láyè láti dàgbà ni. Oògùn yòówù tí dókítà bá kọ, kí aláìsàn lò ó pé, kí ó sì wo nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ NAFDAC lára páálí rẹ̀ kí ó tó rà á.

Tìróò àti irun ìpéǹpéjú àtọwọ́dá

Ní gbogbo ìgbà ìtọ́jú, kí a yẹra fún tìróò, ọ̀dà ojú àti irun ìpéǹpéjú àtọwọ́dá. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ irun náà a máa há ìdọ̀tí mọ́ ìdí irun gidi, àwọn tó lẹ̀ ẹ́ kì í sì í fẹ́ fọ ibẹ̀ kí ó má baà bọ́. Èyí tí wọ́n ti ń lò kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n dà á nù. Igi tìróò kan ṣoṣo tó ń ti ojú ìyá bọ́ sí ojú ọmọ lè gbé kòkòrò àti bakitéríà.

Tìróò tún ní ewu tirẹ̀. Ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2011, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé òjé wà lára ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Tìróò tí wọ́n mú wá láti Nàìjíríà, tí wọ́n ń lé fún un, ni ó fà á: nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó lé ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ tó jẹ́ òjé. Òjé a máa ṣe ìpalára fún ọpọlọ ọmọdé.

Ìgbà tó yẹ kí a sáré lọ sí ilé ìwòsàn

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró de ọ̀la bí ojú bá ń ro ó gidigidi, bí kò bá lè wo ìmọ́lẹ̀, bí ìríran rẹ̀ bá dínkù tí kò sì padà bọ̀ sípò lẹ́yìn tó ṣẹ́jú, bí ohun funfun bá yọ lórí dúdú ojú rẹ̀, tàbí bí gbogbo ìpéǹpéjú bá wú pẹ̀lú ibà. Ẹni tó bá sì ti ń kán oògùn ojú tó ní steroid fún ìgbà pípẹ́, kí ó lọ jẹ́ kí wọ́n wọn agbára omi inú ẹyinjú rẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí ohun tó ń ro ó.

Fún ẹni tí yíyún ìpéǹpéjú kò bá lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn dókítà ní kí ó fi ìgò tuntun sílẹ̀, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò. Kí ó mú gbogbo oògùn tó ti lò dání lọ, kí ó má sì fọ èépá ìdí irun náà kúrò ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, nítorí òun gan-an ni ẹ̀rí tí dókítà yóò wá.